Ìbéèrè: Kí ló ń mú kí ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì-kan dúró lójijì nínú omi?

Olùkọ́ ní Ìpẹru

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpẹru Rẹ́mọ. Ìbéèrè tí mo gbé wá yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ọmọ kíláàsì mi kan ló bi mí, mo sì ti ṣèlérí fún un pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ lásán dá a lóhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a bu omi nínú odò kékeré kan tó wà lẹ́yìn ìlú, a dà á sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, a rẹ koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì ti bo ojú omi náà, mo kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo tí a ní, àwọn ọmọ sì tò tẹ̀lé ara wọn láti wò ó. Paramecium, ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì-kan tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí, pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí kò bá rí i rí, kí ó fojú inú wo àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà kan tó ń yí bírí bó ṣe ń lọ. Wọ́n ń sáré débi pé ojú wa kò lè bá wọn, títí mo fi fa fọ́nrán òwú díẹ̀ sínú ẹ̀kán omi náà láti dí wọn lọ́nà. Ìgbà yẹn ni a tó rí wọn dáadáa: ọ̀kan á forí sọ fọ́nrán òwú, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á yí imú padà, á sì gba ibòmíràn lọ.

Ọmọ tí mo ń sọ yìí wò ó pẹ́ títí, ó ní: "Sà, bí ènìyàn bá dẹ́kun wíwa ọkọ̀ lójú omi, ọkọ̀ náà ṣì máa ń lọ díẹ̀ kí ó tó dúró. Kí ló dé tí eléyìí kì í lọ mọ́ rárá bó bá ti dáwọ́ dúró? Kò ní ẹsẹ̀, kò ní egungun, kò ní iṣan. Kí ló fi ń sáré, kí ló sì fi ń dúró?"

Ìwé tí a ń lò sọ pé irun tín-ín-rín ni Paramecium fi ń lúwẹ̀ẹ́, pé Euglena, ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì-kan mìíràn, ní ìrù, pé àmíbà ní ẹsẹ̀ irọ́, ìyẹn apá ara tó ń yọ síta bí ẹsẹ̀, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún tí mo ti ń kọ gbólóhùn mẹ́ta yẹn sójú pátákó, n kò sì tíì bi ara mi léèrè bí irun ṣe lè gbé ohun tó tóbi jù ú lọ láti ibì kan dé ibì kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kí ó là mí lọ́yẹ̀.

Ará Àgọ́-Ìwòyè

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì bá mi kí ọmọ náà, nítorí pé ohun tó rí yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń béèrè ohun tí ẹ̀dá kékeré fi ń rìn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló máa ń ṣàkíyèsí bó ṣe ń dúró.

Omi kan náà ni àwa àti Paramecium jọ ń lò, ṣùgbọ́n bí ara ẹ̀dá bá ṣe kéré tó ni omi ṣe ń le mọ́ ọn tó. Nígbà tí ènìyàn bá ń lúwẹ̀ẹ́, nǹkan méjì ló ń pàṣẹ lé e lórí. Èkíní ni ìwúwo ara rẹ̀, tí kì í fẹ́ dúró mọ́ bó bá ti ń lọ. Èkejì ni dídì tí omi ń dì mọ́ ọn lára. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwúwo ló ń borí, ìdí nìyẹn tí a fi lè fẹsẹ̀ ti etí odò kí a sì máa yọ̀ lọ láìju apá. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ohun kan di kékeré ní ìlọ́po 10, ìwúwo rẹ̀ yóò dínkù ní ìlọ́po 1,000, nígbà tí dídì omi mọ́ ọn lára kò ní dínkù tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ máa dín in kù bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé orí Paramecium, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan, ẹ ó rí i pé ìwúwo kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, omi nìkan ló kù tó ń pàṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lára, kí ó rò ó pé òun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò ìkọ̀kọrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki lórí iná: ibi tí apá rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ náà ni gbogbo ara rẹ̀ yóò dúró sí.

Ti bakitéríà tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. E. coli, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan, kò ní lọ tó ìbú átọ̀mù kan lẹ́yìn tí ìrù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró. Edward Purcell, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952, ló gbé ìṣirò yìí jáde ní 1977, mo sì gbà pé kò sí ìṣirò kan tó yí ojú tí a fi ń wo ìrìn ẹ̀dá kéékèèké padà tó o.

Ohun kejì tí Purcell tọ́ka sí yẹ kí ọmọ náà gbọ́. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá tó bá kàn ń ju apá síwájú sẹ́yìn, tí ọ̀nà tí apá náà gbà lọ jẹ́ ọ̀nà kan náà tó gbà bọ̀, kò ní kúrò lójú kan. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ tó le gbagidi, tí kò ṣeé tẹ̀, wé e. Bí abẹ̀bẹ̀ náà bá lọ sẹ́yìn, yóò ti ẹ̀dá náà síwájú. Bó bá padà, yóò dá a padà síbi tó ti gbéra gan-an. Kódà bó bá yára lọ tó sì rọra bọ̀, ibì kan náà ni yóò já sí. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì-kan tó ń rìn ló ti wá ọgbọ́n kan dá sí i, kí àlọ rẹ̀ má baà rí bí àbọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Waterside

Mo kí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Èmi kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti wa ọkọ̀ láti Waterside dé Ẹ̀pẹ́ láìmọye ìgbà kí ẹ́ńjìnnì tó gbòde. Ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé fún mi sí i.

Àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀, síwájú sẹ́yìn náà ni. Mo máa ń tì í bọ inú omi níwájú, mo fà á sẹ́yìn, ọkọ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dá a padà síwájú, mo ní láti yọ ọ́ kúrò nínú omi. Ọmọdé tí kò bá mọ̀ ọ́n wà, tó ń dá àjẹ̀ padà nínú omi, ojú kan ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa wà, tàbí kí ó máa yí po. Mo wá ń wò ó pé ẹ̀dá tó rì sínú omi látòkè délẹ̀ kò ní ibi tí yóò yọ àjẹ̀ sí. Báwo ló ṣe ń dá tirẹ̀ padà?

Ará Àgọ́-Ìwòyè

Bàbá wa, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ti sọ ohun tí mo ì bá fi ojú ewé méjì ṣàlàyé rẹ̀.

Ó ń tẹ̀ ẹ́ ni, sà. Nígbà tí irun Paramecium bá ń wa omi, yóò nà ṣánṣán bí àjẹ̀, yóò sì gbá omi sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo gígùn rẹ̀. Nígbà tó bá ń padà, kò ní nà mọ́. Yóò ká kò, yóò tẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, yóò sì wọ́ ìdúbúlẹ̀ padà síwájú, níbi tí omi tó wà nítòsí ara kò ti fi bẹ́ẹ̀ ráyè yí. Bí ẹ̀yin ṣe ń yọ àjẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni òun ṣe ń tẹ tirẹ̀ mọ́ ara. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun bẹ́ẹ̀ ló bo Paramecium kan ṣoṣo, wọn kì í sì í lù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gbà á lẹ́nu rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì yóò fi máa gba ara rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lórí oko ìrẹsì. Irun wọ̀nyí kì í lù tààrà sẹ́yìn, wọ́n ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ìyẹn ló fi ń yí bírí bí Olùkọ́ wa ṣe wí. Eré rẹ̀ lè tó mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún gígùn ara rẹ̀.

Inú irun náà gan-an ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Bí ẹ bá gé irun kan ní ìdábùú, tí ẹ sì fi máíkírósíkóòpù onínà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wò ó, ẹ ó rí ọ̀pá tín-ín-rín méjì láàárín, ọ̀pá mẹ́sàn-án mìíràn tó jẹ́ méjì-méjì tó so pọ̀ yóò sì yí wọn ká. Láti ara ọ̀pá kan sí èkejì ni àwọn purotéènì kan ti nawọ́, wọn a dì í mú, wọn a fà á, wọn a tú u sílẹ̀, wọn a tún dì í mú. Orúkọ tí Ian Gibbons fún purotéènì yìí ní 1965 ni dynein, ATP, èròjà agbára tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó, ni òun náà ń ná. Nítorí pé wọ́n so ìdí àwọn ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, wọn kò lè yọ̀ kọjá ara wọn, wọ́n kúkú ń tẹ̀. Ètò mẹ́sàn-án-yí-méjì-ká yìí kan náà ló wà nínú ìrù Euglena, nínú ìrù àtọ̀ ọkùnrin, àti nínú irun tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò nínú ọ̀nà ọ̀fun wa lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Ní ti ìfàsẹ́yìn tí ẹ rí lẹ́bàá fọ́nrán òwú: nígbà tí imú Paramecium bá kan nǹkan, àwọn ojú ihò kan ní ara rẹ̀ yóò ṣí, kálísíọ̀mù inú omi yóò ya wọlé, kálísíọ̀mù yìí ló sì ń mú kí gbogbo irun náà yí ojú padà, kí wọ́n máa wà sẹ́yìn. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti fọn kálísíọ̀mù náà síta tán, irun yóò tún máa wà síwájú. Àwọn onímọ̀ ti rí Paramecium kan tí àbùkù àjogúnbá kò jẹ́ kí ojú ihò rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò lè fà sẹ́yìn rárá, wọ́n sì sọ ọ́ ní pawn, orúkọ ọmọ-ogun inú ayò chess tí kì í padà sẹ́yìn.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, Sàgámù

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibi iṣẹ́ mi kún un, nítorí pé àwọn tí kò ní irun rárá ni èmi ń bá pàdé jù.

Bí wọ́n bá gbé ìgbẹ́ ẹni tó ní ìgbẹ́ ọ̀rìn wá, a kì í jẹ́ kí ó tutù. A ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ lórí gíláàsì, a ó sì wò ó kíákíá, nítorí pé àmíbà tó ń fa àrùn yìí kì í pẹ́ dáwọ́ ìrìn dúró, bó bá sì ti dúró, ó ṣòro láti dá a mọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Bó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ó rí i tí apá kan ara rẹ̀ yóò yọ síta lójijì, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn hóró inú ara yóò wá ya wọ ibẹ̀ bí omi òjò ṣe ń ya wọ gọ́tà. Nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbé mì yóò wà láàárín ohun tó ń ya wọ̀nyí. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, síbẹ̀ ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Ohun tó ń ti ara yẹn síta ni àwọn okùn purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní actin. Sẹ́ẹ̀lì ń to wọn kún níwájú, ó ń tú wọn palẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń fún ẹ̀yìn pọ̀ kí omi inú ara lè sáré síwájú. Kì í yára. Àmíbà ńlá inú odò máa ń rìn tó mìlímítà kan láàárín bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò dì mọ́ kó tó lè lọ. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tiwa náà ń rìn bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń lépa kòkòrò àìfojúrí nínú ẹran ara.

Ní ti ibà, ìtàn rẹ̀ ló wù mí jù lọ. Lónìí, ẹ̀jẹ̀ tí a ti fi aró Giemsa kùn ni a fi ń wá kòkòrò ibà, òkú ni kòkòrò tí a ń rí, kì í mira. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1880, ẹ̀jẹ̀ tútù tí kò ní aró ni Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, ń wò ní Constantine ní Algeria, nígbà tó rí àwọn pàṣán tín-ín-rín tí wọ́n ń jà fìtìfìtì lára ohun róbótó kan, tí wọ́n sì ń bì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà nítòsí. Ìmira yẹn ló fi dá a lójú pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Akọ kòkòrò ibà tó ń jáde ló rí, èyí tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ẹ̀fọn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1907.

Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń tu sí wa lára, ẹ ò lè rí irun, ìrù tàbí ẹsẹ̀ irọ́ kankan lára rẹ̀. Ara rẹ̀ kò yí ìrísí padà bíi ti àmíbà, síbẹ̀ ó ń yọ́ gba inú awọ ara kọjá títí yóò fi dé iṣan ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ purotéènì alẹ̀mọ́ kan síta níwájú, ó ń fi dì mọ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà actin àti myosin, purotéènì tó máa ń fa actin, tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ yóò fa purotéènì náà lọ sẹ́yìn, ara yóò sì lọ síwájú. Ẹ fi wé ẹni tó ń fa ara rẹ̀ lórí okùn. Ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí sì tó o láti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì.

Olùkọ́ ní Ìpẹru

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá wa. Ọ̀rọ̀ àjẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì.

Ó ku ibì kan tí kò yé mi. Mo rí i kà pé ìrù bakitéríà kì í lù bí pàṣán, pé yíyí ló ń yí bí ẹ́ńjìnnì. N kò mọ ohun ẹlẹ́mìí kan tó ní àgbá tó ń yí. Ṣé òótọ́ ni, àbí àfiwé ni wọ́n fi ṣe?

Ará Àgọ́-Ìwòyè

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ní 1973, Howard Berg àti Robert Anderson sọ pé ìrù náà ń yí ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Michael Silverman àti Melvin Simon lẹ ìrù E. coli mọ́ gíláàsì kí ó má lè mira mọ́, wọ́n sì ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ara bakitéríà náà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lórí ìrù tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ lílù ló ń lù ni, kò ní yí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìrù yìí kò bá ti Paramecium tan. Kò ní ọ̀pá mẹ́sàn-án, kò sì ná ATP láti yí. Irú purotéènì kan ṣoṣo tó tò mọ́ra, tó sì ká bíi súkúrúù ni, ìdí rẹ̀ sì wọnú ẹ̀rọ róbótó kan tó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 45 nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà. Àwọn èérún hydrogen tó ti gba iná sára ló pọ̀ sí ìta sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ń wá ọ̀nà wọlé. Ojú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń gbà, bí wọ́n sì ṣe ń kọjá ni wọ́n ń yí i, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń yí ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná ní ìdídò Kainji. Ó lè yí ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ sì rántí abẹ̀bẹ̀ wa: súkúrúù tó ń yí sí apá kan kì í padà gba ọ̀nà tó gbà wá, nítorí náà ó ń lọ nínú omi líle bí ìgbà tí a bá ń de súkúrúù wọ inú igi.

Bí ìrù E. coli, tó máa ń ju ẹyọ kan lọ, bá ń yí sí apá òsì, wọn yóò lọ́ mọ́ra bí ìdì ìgbálẹ̀ kan, yóò sì sáré tààrà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí sí apá ọ̀tún, ìdì náà á tú, bakitéríà náà á sì ta kìtì fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, kó tó tún sáré gba ọ̀nà mìíràn tí kò yàn fúnra rẹ̀. Kò lè wo iwájú kó mọ ibi tí oúnjẹ wà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi adùn tó ń tọ́ wò nísinsìnyí wé èyí tó tọ́ wò ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan sẹ́yìn. Bó bá ń dùn sí i, yóò pẹ́ kó tó ta kìtì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dé ìdí oúnjẹ níkẹyìn.

Olùkọ́ ní Ìpẹru

Ó ti yé mi wàyí. Ọmọ náà ti ní òun fẹ́ tún wo ibi tí Paramecium ti ń fà sẹ́yìn, kí òun lè ka iye ìgbà tí yóò gbìyànjú kó tó bọ́ lọ́wọ́ fọ́nrán òwú. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni a óò tún ráyè wọ yàrá àyẹ̀wò. Ṣé wọn yóò ṣì wà láàyè nínú ìgò náà?

Ará Àgọ́-Ìwòyè

Wọn yóò wà. Ẹ ju hóró ìrẹsì sísè méjì péré sínú rẹ̀ lónìí, kí bakitéríà tí wọ́n ń jẹ lè pọ̀ sí i, kí ẹ má sì fi ìdérí dí ìgò náà pa. Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ẹ bá fẹ́ fa omi jáde, ìtòsí òkè omi ni kí ẹ ti fà á, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kóra jọ sí jù.